Páàkì wo lẹ ń sọ?

Àǹtí mi ló pè mí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ pé kí n wá bá àwọn kọ lẹ́tà. Àwọn ará àdúgbò wọn nítòsí Láfẹnwá, l'Abẹ́òkúta, fẹ́ kí ìjọba fi ilẹ̀ kan létí Odò Ògùn ṣe páàkì. Mo ní, "Àǹtí, gbogbo gáréèjì tó wà ní Láfẹnwá yẹn ò tíì tó yín ni?" Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní kì í ṣe páàkì ọkọ̀, èyí tí ọmọ ènìyàn ń jókòó sí láti gbatẹ́gùn ni. Mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi pa fóònù mọ́ mi létí. Ta ló ráyè ìjókòó ní Láfẹnwá?

Mo kúkú lọ. Àárọ̀ Sátidé ni mo wọ reluwé ní Èbúté-Mẹ́ta. Reluwé tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021 yìí kì í wọ àárín ìlú. Ládérin ló ń já èrò Abẹ́òkúta sí, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ibùdókọ̀ náà dùn ún wò. Owó tí mo kó fún oní-Márúwá láti ibẹ̀ dé ilé Àǹtí ni ò dùn ún gbọ́.

Láfún gbígbóná àti ewédú ni wọ́n fi pàdé mi. Ẹ̀gbá lójú Ẹ̀gbá! Mo jẹun tán, a rìn lọ sétí odò.

Ilẹ̀ náà ò lè ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ. Ààtàn ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà òkìtì yanrìn, típà kan tí táyà rẹ̀ ti jò, àti àwọn ọmọdé tó fi sálúbàtà ṣe òpó góòlù. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn odò ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Mo dúró, n ò sọ̀rọ̀. Àǹtí wò mí, ó wá kan àwọn náà láti rẹ́rìn-ín.

Bíkìn mẹ́rin, àwọn òpó kékeré tí wọ́n fi ń sàmì ààlà ilẹ̀, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n rí bíkìn tuntun nínú ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó rì í. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ ohun tó ń tẹ̀ lé bíkìn: fẹ́ǹsì, géètì, ajá.

Àǹtí mú mi lọ sẹ́yìn ilé kan, wọ́n fọwọ́ kan ògiri níbi tó bá èjìká mi dọ́gba. "Ibí lomi dé ní 2007." Odò Ọ̀yán ń ṣàn sínú Odò Ògùn lókè Abẹ́òkúta, dáàmù sì ti wà lórí Ọ̀yán láti ọdún 1983. Bí òjò bá pọ̀ tí dáàmù kún, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló sì máa gbà á. Tí ó bá jẹ́ ilé ló wà níbẹ̀, ẹ̀ ń wá ọkọ̀ ojú omi tí ẹ ó fi gbé àwọn ọmọ. Tí ó bá jẹ́ koríko àti bẹ́ńṣì, omi á wọlé, omi á jáde, ẹ ó fọ bẹ́ńṣì. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òdòdó.

Abẹ́ igi máńgòrò kan ni ìpàdé wà, bí ogójì ènìyàn. Ìyá àgbà kan ní Yemọja ló ni Odò Ògùn, kí wọ́n yé fi ilé dí i lọ́nà. Pásítọ̀ kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn ń mi orí. Gómìnà ni lẹ́tà ń lọ bá, torí Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti tẹ̀ka kí n tó dé. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n má fojú kéré ìka obìnrin l'Abẹ́òkúta, àbí n ò gbọ́ ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe nítorí owó orí, tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949? Mo ní mo gbọ́, mà.

Èmi ni wọ́n fún ní bírò. Mo kọ "páàkì", wọ́n ní kí n pa á rẹ́, àwọn awakọ̀ ti ń béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ máa jẹ́. Mo kọ "ọgbà ìgbafẹ́". Ìgbà náà ni bàbá kan tó ń wa yanrìn dìde. Láti àárọ̀ ló ti wà lẹ́yìn, tí kò tẹ̀ka.

"Ẹ ṣé o. Ẹ ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olówó, ẹ ó fi géètì sí i, ẹ ó máa gbowó lẹ́nu rẹ̀. Olúmọ tí àwọn baba wa sá sí, ṣé kì í ṣe owó là ń san ká tó gùn ún? Níbo lèmi ó gbà dé odò?"

Ariwo sọ. Àwọn kan ní láìsí géètì, ààtàn ni yóò padà dì. Àwọn kan ní ta ni yóò san owó ẹni tí yóò máa gbálẹ̀? Ọ̀rọ̀ gidi ni, wọn ò sì rí ìdáhùn sí i lọ́jọ́ náà. N kì í ṣe ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá yẹn ni mo gbè sẹ́yìn. Ọgbà tí oníyanrìn ò lè gbà kọjá dé odò, kí ló fi yàtọ̀ sí bíkìn mẹ́rin yẹn?

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n ní kí n fi kún un: "tí kò ní géètì, tí a ò ní gbowó wọlé rẹ̀, tí ọ̀nà odò yóò sì wà ní ṣíṣí." Mo ka lẹ́tà náà sókè lẹ́ẹ̀mejì fún bàbá. Ó ní kí n tún ibi ọ̀nà odò kà. Mo tún un kà. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ti àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́, yanrìn díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ bébà. Wọ́n ti pààrọ̀ táyà típà, dírẹ́bà ń fọn fèrè, ó sáré lọ.