2^67 − 1: a mọ̀ pé ó ṣe é pín, kí ló ń pín in?

Nọ́ńbà tó gba ọkàn mi lónìí nìyí: 147573952589676412927. Díjíìtì 21 ni. 2 mẹ́tàdínláàádọ́rin la fi sọ ara wọn di púpọ̀, tí a wá yọ 1 kúrò. Ní 1644, àlùfáà ará Faransé kan, Marin Mersenne, kà á mọ́ àwọn práìmù, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Édouard Lucas fi hàn ní 1876 pé kì í ṣe práìmù, àmọ́ kò sí fákítọ̀ kankan, ìyẹn nọ́ńbà tó ń pín in láìṣẹ́kù, lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di 1903 kí Frank Nelson Cole, ará Amẹ́ríkà, tó gbé méjèèjì síta: 193707721 àti 761838257287.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé nọ́ńbà ṣe é pín láìrí ohun tó ń pín in? Bí a ṣe ń ṣe irú ìdánwò Lucas lóde òní nìyí: mú 4, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yọ 2, fi 2^67 − 1 pín in, kí o mú àṣẹ́kù nìkan. Fi àṣẹ́kù náà tún un ṣe títí yóò fi pé ìgbà 65. Bí àṣẹ́kù ìkẹyìn bá jẹ́ 0, práìmù ni. Bí kò bá jẹ́ 0, kì í ṣe práìmù, ìdánwò náà kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mi àgbọn tó gbọ́ omi nínú rẹ̀ kò tíì mọ ojú ibi tí yóò ti là á.

Ìdánwò Fermat tó rọrùn, èyí tí a ń fi 2 ṣe, kò wúlò rárá níbí. Bí a bá pe nọ́ńbà wa ní M, 67 pín M − 1 láìṣẹ́kù, 2^67 sì ń ṣẹ́ku 1 lórí M, ìyẹn tí a bá fi M pín in. Nítorí náà 2^(M−1) gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1, ohun tí ìdánwò náà ń wá lára práìmù, bíi pé M jẹ́ práìmù.

Fákítọ̀ ńkọ́? Práìmù yòówù tó bá pín M gbọ́dọ̀ rí bí 134k + 1, tí k jẹ́ 1, 2, 3 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì ṣẹ́ku 1 tàbí 7 tí a bá fi 8 pín in. Èyí já sí pé k gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 0 tàbí 1 lórí 4. Fákítọ̀ kékeré wà níbi tí k ti jẹ́ 1445580, nítorí náà nọ́ńbà 722790 péré la máa yẹ̀ wò kí a tó débẹ̀. Bí k bá ṣẹ́ku 1 lórí 3 tàbí lórí 5, fò ó: 3 tàbí 5 ti pín 134k + 1.

Má ṣe gbé M fúnra rẹ̀ pín. Ọ̀nà tó kúrú ni 2, 4, 16, 256, 65536, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. 65536 lọ́nà 65536 jẹ́ 4294967296. Lórí 193707721 ó ṣẹ́ku 33397434. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 66794868, tí í ṣe àṣẹ́kù 2^33. Sọ èyí di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, àṣẹ́kù di 96853861. Ìlọ́po méjì ìyẹn jẹ́ 193707722. Yọ 193707721 kúrò, ó ku 1, ìyẹn àṣẹ́kù 2^67; àṣẹ́kù 2^67 − 1 wá di 0. Ó ti pín in.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ. Excel kì í pa ju díjíìtì 15 mọ́, òdo ló ń fi kún ìyókù. Lórí JavaScript, nọ́ńbà tó bá ju 9007199254740992 lọ kì í dá a lójú mọ́, 2^67 àti 2^67 − 1 yóò sì di ọ̀kan náà, àfi tí ẹ bá lo BigInt, irú nọ́ńbà tí JavaScript ní fún odidi ńlá. Ìṣirò òkè yìí kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dán nọ́ńbà tó tóbi ju 193707721 lọ wò lọ́nà kan náà, ó lè kọjá rẹ̀, àṣẹ́kù sì lè di irọ́ láìsí ìkìlọ̀ kankan. Python kò ní wàhálà yìí.

Ẹni tó bá wá a létòlétò láti k = 1 kò ní í ṣiṣẹ́ kankan mọ́ lórí 761838257287. Práìmù tó bá pín in yóò pín M náà, kò sì lè kéré sí 193707721 tí a kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ̀wẹ̀, 193707721 lọ́nà ara rẹ̀ ju 761838257287 lọ fíìfíì, nítorí náà práìmù ni òun náà.