Olóyè Ìdánwò àti mọ́ínmọ́ín 680

Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí níṣẹ́ o. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ojú ìwé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníbàárà á fi máa béèrè mọ́ínmọ́ín. Tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì, server (ètò tó ń gba ọ́dà lẹ́yìn ojú ìwé) á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Àǹtí. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré, mo ní.

Ojú ìwé wà ní localhost:3000, server wà ní localhost:5000 (localhost ni kọ̀ǹpútà èmi fúnra mi, nọ́ńbà iwájú ẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà). Kọ̀ǹpútà kan náà, tábìlì kan náà, ẹ̀gbẹ́ abọ́ gààrí kan náà. Mo tẹ bọ́tìnì: pupa! Browser tí mo fi ṣí ojú ìwé ní CORS ò gbà á, ìyẹn ìlànà tí server fi ń gba ojú ìwé àdírẹ́sì mìíràn láàyè. Lójú tiẹ̀, tí nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà bá ti yàtọ̀, àlejò ni ọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá ẹ ló ń bẹ nínú ilé. Láti nǹkan bí 1995, ayé Netscape, browser àtijọ́ kan, ni òfin àlejò yẹn (same-origin policy) ti wà. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ èmi ni mo fẹ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Mo fi curl, ètò tó ń bá server sọ̀rọ̀ láìsí browser, wò ó bóyá server wà láàyè. Ó dáhùn wẹ́rẹ́. Ìyẹn ló wá bí mi nínú jù. Server ò bá mi jà, browser ló ń gbó mọ́ mi bí ajá tí kò mọ olówó ẹ̀.

Mo fara balẹ̀ ka ìkìlọ̀ pupa náà (irọ́ ni, ìlà àkọ́kọ́ ni mo kà). Ó ní preflight ló kọ̀: browser ń kọ́kọ́ rán OPTIONS lọ bi server pé ṣé kí ọmọ yìí máa bọ̀. Mo wá kà níbì kan pé tí mo bá yí àmì irú ọ̀rọ̀ tí mò ń fi ránṣẹ́ láti application/json (JSON) sí text/plain, kò ní rán alárinà kankan mọ́. Mo yí i. Mo tún server ṣe kó lè ka text/plain, mo gbọ́n débi yẹn. Ọ̀rọ̀ preflight pòórá! Mo dìde, mo jó yí àga ká.

Pupa mìíràn ṣì wà níbẹ̀ ṣá. Mo tún bọ́tìnì tẹ̀. Mo fi àṣẹ no-cors sínú kóòdù ojú ìwé, pupa lọ, ṣùgbọ́n èsì ṣófo, status 0. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo pa browser, mo ṣí i, mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi àdúrà tẹ̀ ẹ́. Ìgbà 17. Orúkọ oníbàárà kan náà ni mo ń kọ: Olóyè Ìdánwò, mọ́ínmọ́ín 40.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ yín.

Browser ò dá mi dúró nígbà àlọ rárá, àbọ̀ ló ti ń dá mi dúró. Text/plain tí mo fi jó yẹn ló ṣí géètì sílẹ̀. Ọ́dà mẹ́tàdínlógún ló wọlé, server ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó fèsì, browser wá gbẹ́sẹ̀ lé èsì lọ́nà. Ká ní mo fi JSON sílẹ̀ bó ṣe wà ni, ẹyọ kan kì bá tí dé ọ̀dọ̀ Àǹtí.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pè mí. Ohùn wọn dùn bí oyin. "Ọmọ mi, o ò ní tẹ́ láéláé. Olóyè yìí mà láwọn ará o! Ilé 17 ló fẹ́ pín mọ́ínmọ́ín sí." Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà. Wọ́n ti yá ìkòkò. Wọ́n ti kó gbogbo ewé eéran ọjà tán. Wọ́n ní orúkọ Olóyè náà ṣe àwọn bákan, ṣùgbọ́n owó ò lórúkọ. Ìdí tí wọn ò fi lè pe Olóyè? Mi ò rántí fi àyè nọ́ńbà fóònù sójú ìwé náà.

Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ títí.

"Ìyẹn ni pé o kanlẹ̀kùn, mo dáhùn, ẹnì kan fọwọ́ dí ẹ létí, o wá ń kàn án lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ilé ta ni?"

"Ilé mi ni, Àǹtí."

Ẹni tó tiẹ̀ yẹ ká bú ni ọ̀rẹ́ mi tó ní kí n fi --disable-web-security, àṣẹ tó ń pa òfin ààbò browser, ṣí Chrome, ó tán. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, lórí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan. Ṣé ká wá máa dé ilé oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ bá wọn yọ ìlẹ̀kùn ni? Òun náà ló jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́sàn-án níjókòó kan, tó ní iyọ̀ ò dé e.

Ilé ìdáná Àǹtí ni mo ti tún un ṣe, níbi tí wọ́n fi mí sí pé kí n máa fọ ewé. Ìlà kan péré ni mo fi sí server, server tó jẹ́ tèmi láti àárọ̀ ọjọ́, ìlà tó ní kí browser jẹ́ kí ojú ìwé mi ka èsì: Access-Control-Allow-Origin: http://localhost:3000. Mo yọ no-cors kúrò, mo nu ọwọ́, mo tẹ bọ́tìnì. "A ti gba ọ́dà yín, Olóyè!" Kí n tó hó yè, fóònù dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

Àǹtí wo fóònù. Wọ́n wò mí.

"Olóyè," ni wọ́n wí, "máa fọ ewé lọ."