Èló ni mo bi yín

Tòmátì ni mo lọ rà o. Ní Ọjà Ọba láàárọ̀ yìí, arábìnrin kan tó ṣíwájú mi bi ìyá aláta ní iye abọ́ kan. Ìyá bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ tó gbé e wá láti òkè Ọya, wọ́n dé orí owó epo, wọ́n dé orí òjò. Arábìnrin yẹn já lu ọ̀rọ̀: "Màmá, èló ni mo bi yín, n ò ní kẹ́ ẹ pìtàn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Orí ọ̀kadà ni mo wà kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an lọ̀rọ̀ yẹn bá.

Iṣẹ́ ò pọ̀ lónìí. Mo tún laptop ẹnì kan ṣe, mo jẹ ẹ̀bà, iná wá, iná lọ.

Èló ni mo bi yín.

Mo ní script kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí mo kọ sínú fáìlì kan fún kọ̀ǹpútà, tó máa ń sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe wà tí mo bá ti ṣí terminal, ojú ibi tí mo ti ń tẹ àṣẹ fún un. Mo kà á lọ́sàn-án: ìlà 214. 214! Nítorí kó lè sọ orúkọ ẹ̀rọ, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí), àyè tó kù lórí dísíìkì, àti bó ṣe pẹ́ tó tó ti wà ní títàn. Ibi tó ti ń wá irú Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi) tó wà lórí ẹ̀rọ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù:

cat /etc/os-release | grep PRETTY_NAME | cut -d= -f2 | tr -d '"'

Ẹni mẹ́rin ni mo bẹ̀ níṣẹ́ ẹyọ kan. cat gbé fáìlì fún grep, grep fa ìlà kan yọ fún cut, cut gé e níbi àmì =, tr wá ń ṣa àmì tó kù kúrò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀, bí shell, ètò tó ń gba àṣẹ nínú terminal, ṣe ń kọ variable (orúkọ tí a so iye kan mọ́) náà ni wọ́n kọ fáìlì ọ̀hún. Kí n ṣáà sọ pé

. /etc/os-release
echo "$PRETTY_NAME"

ó tán. Ẹyọ àmì ìdánudúró kan níwájú ló ṣe é.

Ni mo bá ń gé. Àwọ̀ lọ. Èyí tó ń ka iye package (àwọn ètò tó wà lórí ẹ̀rọ) lọ, mi ò wò ó rí. uptime -p, àṣẹ tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe pẹ́ tó ní títàn, gba ipò ìlà 11 tó ń fi 60 pín ohun tó wà nínú /proc/uptime. Mo ń kọrin lábẹ́nú.

Mo wá kan àwòrán ẹyẹ kan, èyí tí a fi àmì tò sókè pátápátá nínú script náà. Ẹnì kan ló bá mi tò ó. Alẹ́ ọjọ́ kan ní FUTA, kò síná, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi la fi ń wo bọ́tìnì. Kò wúlò fún ohunkóhun. Mi ò gé e. Mo fi # síwájú ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí kọ̀ǹpútà máa fò ó, mo gbójú kúrò.

Àbí ìyá aláta ló jàre? Torí ti RAM, ṣókí ni script mi ti ń dáhùn látijọ́. MemFree, RAM tó ṣófo pátápátá, ló ń mú wá: 300 MB ló kù nínú 8 GB. Jìnnìjìnnì á bò mí, máa sáré ti browser. Bẹ́ẹ̀ Linux kàn ń fi RAM tí ẹnikẹ́ni ò lò tọ́jú ohun tó ti kà lórí dísíìkì ni, yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀ tí ẹlòmíì bá fẹ́ ẹ. MemAvailable, RAM tó ṣì ṣeé yọ̀ǹda, ló yẹ kí n bi í: ó lé ní 5 GB. Iye tí kò nítàn ló ń dẹ́rù bà mí láti ọjọ́ yìí. Bóyá tòmátì yẹn náà...

Ṣé ẹ rí i, Mọ́mì ló pè láti Oǹdó lánàá. "Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ròyìn iṣẹ́, mo ròyìn owó ọkọ̀, mo ròyìn oníbàárà tí ò tíì sanwó. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "Ó dáa." Ẹ mọ irú "ó dáa" yẹn.

Script ti ku ìlà 23, tí a ò bá ka ẹyẹ. Mo pè é. Ó ní: up 4 minutes. Iná ló lọ tó tún dé, bátìrì mi ò sì gbé nǹkan kan mọ́.

N ó pè wọ́n nísinsìnyí. Sátidé ni máa sọ. Sátidé, àfi tí oníbàárà yẹn ò bá tíì sanwó, torí owó ọkọ̀ Oǹdó báyìí, pẹ̀lú bí epo ṣe...