Kí Ẹ Tó Gbé Jìtá Lọ sí Ìlú Ọba

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Mo wà nílé ní Ìsánlú lọ́sẹ̀ yìí, àwọn àbúrò tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kò jẹ́ kí n sinmi: báwo làwọn náà ṣe lè wá máa kọ orin rọ́ọ̀kì ní Manchester bíi tèmi, láìsí ilé iṣẹ́ orin kankan lẹ́yìn wọn? Àwọn kan nínú wọn mọ jìtá ta jù mí lọ, n kò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ àti ìwé àdéhùn ni wọn kì í béèrè, ibẹ̀ sì ni owó wà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí físà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọ Ìlú Ọba kò láṣẹ láti dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fi eré tàbí orin ṣe iṣẹ́ jẹun. Ẹnì kan ní Kàbà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa mọ̀?" Ẹni tó ń wá bí gbogbo ayé ṣe máa mọ òun, ibo ló fẹ́ sá pamọ́ sí?

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun méjì ló wà nínú orin kan: orin tí a kọ, àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ PRS for Music ló ń gba owó ti àkọ́kọ́ jọ fún àwọn tó kọ orin, ẹgbẹ́ PPL ló ń gba ti èkejì. Pé DistroKid, ilé iṣẹ́ tó ń bá olórin pín orin káàkiri, gbé orin yín sórí Spotify tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí ayélujára kò sọ yín di ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ forúkọ sílẹ̀.

Ọmọ àbúrò bàbá mi tó wà ní Mọ̀pà ló kọ ègbè orin mi kan. Orí WhatsApp ló fi ránṣẹ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn rẹ̀. Kí n tó wọ sítúdíò la ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ tirẹ̀, 60 jẹ́ tèmi. Onílù wa kò kọ ọ̀rọ̀ kankan, kò sí ìpín fún un nínú orin kíkọ, àmọ́ ìlù rẹ̀ wà nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀, a sì fi orúkọ rẹ̀ sí ti PPL. Bàbá mi gbọ́, wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ jà ni?" Mo ní, "Ká má bàa jà ni, Bàbá." Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá mú ìwé jáde láàárín ẹbí, wọ́n á ní kò fọkàn tán èèyàn. Ẹ fara da ojú yẹn, ẹ kọ ọ́.

Tí mo bá kọrin tán ní ilé ọtí, kí n tó ká wáyà, mo máa ń ya fọ́tò bébà orúkọ orin tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo fi orúkọ ibẹ̀, ọjọ́ àti àwọn orin náà ránṣẹ́ sí PRS. Onílé ọtí ti sanwó ìwé àṣẹ orin. Orin tèmi tí mo bá kọ, èmi ni wọ́n ń san tirẹ̀ fún. Orin olórin mìíràn, ẹni tó kọ ọ́ ló ni owó. Àwọn ọ̀mùtí fẹ́ràn orin tí wọ́n ti mọ̀, nítorí náà mo máa ń fi ọ̀kan tàbí méjì tì í lẹ́yìn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Spotify? Láti ọdún 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní gba kọ́bọ̀ owó ohùn níbẹ̀. Bandcamp, ìkànnì tí olórin ti ń ta orin fún olólùfẹ́ rẹ̀ tààrà, ń yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí orin tí ẹ bá tà, ó sàn fún ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ kò tíì pọ̀.

MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gba owó ẹ̀tọ́ wọn jọ, wà ní Nàìjíríà fún ẹni tí kò tíì kúrò nílé. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá kọrin fún mi gbọ́ kí n tó padà, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá a kọ ọ́ dání wá, pẹ̀lú ìpín oníkálukú.