Moroni àti owó ìjókòó ní Bergamo

Mo lọ wo iṣẹ́ Moroni, ayàwòrán àtijọ́, ní Bergamo ní Ítálì, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí. Ilé oúnjẹ kan ní Città Alta, ìyẹn ìgboro àtijọ́ Bergamo tó wà lórí òkè, ni mo ti ra casoncelli, pasta tí wọ́n ki ẹran sínú ẹ̀ tí wọ́n wá da bọ́tà yíyọ́ lé lórí. Ó dùn o, mi ò ní purọ́, àmọ́ ó kéré débi pé mo ń wo ẹ̀yìn wétà bóyá èyí tó kù ń bọ̀. Ó gbé búrẹ́dì wá, mi ò bèèrè, ó sì ti gan. Ìgbà tí bíìlì dé ni mo rí "coperto", owó ìjókòó! Mo bi wétà, ó ní gbogbo èèyàn ló ń san án. Olóúnjẹ wo n'Íbàdàn ló ń gba owó bẹ́ǹṣì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìsàlẹ̀ mẹ́nù kẹ́ ẹ tó fìdí kalẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ tíntìntín síbẹ̀.

Torí Giovanni Battista Moroni ni mo ṣe lọ. Albino tí kò jìnnà sí Bergamo ni wọ́n bí i sí, nǹkan bí 1520 sí 1524, Moretto, ayàwòrán bíi tiẹ̀, ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ nílùú Brescia. Àwòrán télọ̀ kan tó yà wà ní National Gallery, ilé àwòrán ní London, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé: sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, aṣọ dúdú tó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí wà lórí tábìlì, ó gbójú sókè bíi pé kọ́sítọ́mà ló wọlé. Láyé ìgbà yẹn àwọn olówó àti ọ̀tọ̀kùlú ló sábà ń rí ẹni yà wọ́n, Moroni ya oníṣẹ́ ọwọ́, kò sì fi ṣẹ̀sín rárá.

Palazzo Moroni, ilé ńlá àtijọ́ kan ní Bergamo, ni ojú mi ti wálẹ̀. Ẹ wá wo àwòrán ọ̀tọ̀kùlú kan tó ń jẹ́ Gian Gerolamo Grumelli, tí Moroni yà ní 1560, píńkì láti ọrùn dé bàtà! Ọkùnrin yìí ò ní gbà kí wọ́n fi òun sẹ́yìn lóde àríyá. Isotta Brembati, akéwì tí Grumelli padà fẹ́, náà wà níbẹ̀, ó jókòó pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ ẹyẹ, aṣọ ọrùn ẹ̀ nìkan mo wò títí.

Àmọ́ ìjà wà láàárín ìdílé Brembati àti Albani, ìdílé ọ̀tọ̀kùlú méjì nílùú náà. Lọ́dún 1563 wọ́n pa Achille, ọ̀kan nínú ìdílé Brembati, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore, ìlú dàrú, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún Moroni sì há sínú wàhálà. Albino ló wá fi ṣe ibùjókòó, ó ń ya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ará àdúgbò. Àsìkò yẹn ni wọ́n gbà pé ó ya télọ̀ yẹn, àwòrán tó gbé orúkọ ẹ̀ ga ju gbogbo ti àwọn ọ̀tọ̀kùlú lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀!

Palazzo Moroni kì í ṣí lójoojúmọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gun òkè. Ẹ ya Accademia Carrara, ilé àwòrán ní Bergamo, náà, Moroni pọ̀ níbẹ̀. Tírámù sì ń lọ tààrà láti Bergamo dé Albino.