Rẹ́jísítà nínú perf: ẹ má gbà gbogbo ohun tó bá sọ

perf ni irinṣẹ́ Linux tó ń fi ibi tí CPU ti ń lo àkókò hàn; rẹ́jísítà ni àyè kékeré inú CPU tó ń gbé iye tó ń lò lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí tẹ́míná mi báyìí nìyí:

perf record -e cycles:pp -F 99 --intr-regs=ax,di,si -a -- sleep 10
perf script -F comm,ip,sym,iregs

Yàtọ̀ sí orúkọ fọ́ńṣọ̀n, iye tó wà nínú rẹ́jísítà náà á hàn, ìyẹn ló sì dùn mọ́ mi jù. Lórí x86-64 Linux, rẹ́jísítà DI ló ń gbé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pe fọ́ńṣọ̀n, SI ló ń gbé ìkejì. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà fọ́ńṣọ̀n nìkan ni ẹ ti lè gbára lé e. Kó tó dé àárín, compiler (ohun tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) lè ti kó nǹkan mìíràn sínú DI.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ "pp" tó wà lẹ́yìn cycles yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, interrupt (àmì tó ń dá CPU dúró kí perf lè ka) máa ń pẹ́ kó tó dé, ibi tí ẹ máa rí á sì ti kọjá ibi tí iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Lórí Intel, PEBS (apá CPU tó ń ṣe àkọsílẹ̀ yìí fúnra rẹ̀) ló ń kọ rẹ́jísítà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Inú VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) tí kò ní PMU (apá CPU tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀) ni wàhálà pọ̀ sí. cpu-clock, tó ń fi aago ka, ló kù fún yín, kò sì lè wọlé níbi tí wọ́n bá ti pa interrupt. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí i padà ló tó máa ka, ni gbogbo ẹ̀bi bá já lé _raw_spin_unlock_irqrestore, fọ́ńṣọ̀n kernel tó ń ṣí interrupt padà, lórí. Fọ́ńṣọ̀n yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ o!

Bí perf bá kọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe root, ẹ wo kernel.perf_event_paranoid, ètò tó ń pinnu ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wò. -a (gbogbo CPU) ń fẹ́ kó jẹ́ 0 tàbí -1.