Ọjọ́ Tí A Fọ Àgbá Omi

Ìsánlú, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Kí oòrùn tó mú láàárọ̀ òní ni mo ti da omi ìdí àgbá ẹ̀yìnkùlé nù, tí mo sì ń fi kàn-ìn-kàn-ìn họ ohun aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin jáde wá, ó ní, “Ókun o, ẹ̀gbọ́n mi,” ó sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Oògùn tó ń lò ló fà á, oògùn kan náà tó pa ohùn tí òun nìkan ń gbọ́ lẹ́nu mọ́, tó sì dá a padà sáàárín wa lẹ́yìn ọdún méjì.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ya Chlamydomonas sójú pátákó fún àwọn ọmọ SS1: ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó ń gbé inú omi, tó ní ìrù méjì, tó sì ní ojú pupa kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ kí n tó kà pé lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ní 2003, Georg Nagel, Peter Hegemann àti Ernst Bamberg ní Jámánì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣàlàyé purotéènì rẹ̀ kan tó dà bí ilẹ̀kùn, tó ń ṣí bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá kàn án. Ní 2005, Karl Deisseroth, dókítà àrùn ọpọlọ ní Yunifásítì Stanford, pẹ̀lú Edward Boyden àti àwọn mìíràn, fi fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì purotéènì náà, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe é, wọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń dáhùn sí ìmọ́lẹ̀ láàárín ìdá díẹ̀ nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Optogenetics ni wọ́n ń pe ìmọ̀ náà.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbà mí lọ́kàn. Oògùn àbúrò mi ń dènà dopamine, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ sí ewúro náà ló rọ̀ sí ìrèké: ibi tó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nílò dopamine kan náà. Oògùn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìmọ́lẹ̀ lè yà wọ́n.

Ní 2011, Kay Tye, Deisseroth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tan ìmọ́lẹ̀ sí amygdala, ibi tí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ń gbà kọjá nínú ọpọlọ. Eku kì í fẹ́ràn gbangba. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń rìn. Nígbà tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí ìparí àwọn okùn sẹ́ẹ̀lì tó ti apá kan amygdala lọ sí apá mìíràn, àwọn eku náà bọ́ sí gbangba. Nígbà tí wọ́n sì pa àwọn okùn kan náà lẹ́nu mọ́, ìbẹ̀rù wọn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí okùn náà ti ṣẹ̀, wọn kò rí irú àyípadà yìí. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti Kàbà, ọ̀nà kan lọ sí Lọ́kọ́ja, òmíràn bọ̀ wá sí Ìsánlú níhìn-ín, òmíràn lọ sí Ọ̀muò; ẹni tó bá kàn sọ pé Kàbà ni wàhálà wà kò tíì sọ ọ̀nà tó bà jẹ́.

Àwọn tó so àbúrò mi mọ́ igi nígbà tí àìsàn náà le ní oríkunkun ló ń ṣe é. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Mi ò tan ara mi pé ìmọ́lẹ̀ yìí ni ìtọ́jú rẹ̀. Ó gba kí a gbé jíìnì wọ inú ọpọlọ, kí a sì ti okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ gba agbárí wọlé. Lára ẹranko ni iṣẹ́ ti ọpọlọ náà pọ̀ sí. Ní ti ojú, ó ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn, nítorí ní 2021 wọ́n ròyìn ọkùnrin afọ́jú kan tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan díẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ fún àbúrò mi ni kí àwọn tó ń ṣe oògùn ti ara ìmọ̀ yìí mọ ọ̀nà tó yẹ kí oògùn wọn gbà, kí ọwọ́ rẹ̀ lè sinmi.

Mo bu díẹ̀ nínú ohun tí àbúrò mi họ sínú ìgò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, láti wò ó bóyá Chlamydomonas wà níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo sì ṣàlàyé ojú pupa náà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì ní bí mo bá ń lọ síbi máíkírósíkópù ní ọjọ́ Ajé, kí n jẹ́ kí òun bá mi lọ.